Ìtànṣán Kejì

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kejì

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ilé, ẹ sì kú ìtọ́jú Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ máa ka ìwé yìí sí wọn létí, nítorí náà, Bàbá mi, mo dọ̀bálẹ̀ o. Ara mi le, mò ń jẹun, mo sì ń sùn.

Ẹ ní Bàbá ń béèrè pé báwo lẹni tó ń fi wúrà ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ kò ṣe lè fi wúrà kékeré kan ránṣẹ́ sílé. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé tí mo bá kó gbogbo wúrà tí mo ti lò láti ọdún tó kọjá jọ, kò ní tó dí ihò etí kan.

Iṣẹ́ náà nìyí. A máa ń tẹ́ wúrà sójú gíláàsì kan tí kò tó èékánná àtàńpàkò. Wúrà náà fẹ́lẹ́ débi pé tẹ́ ẹ bá gbé e sókè, ẹ máa rí fèrèsé gba inú rẹ̀, àwọ̀ ewé ló sì máa fi hàn yín. Èmi á wá fi ẹ̀rọ gbẹ́ ihò tóóró-tóóró sí i lára, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ihò níbi tí irun orí kan ṣoṣo lè bò. Mo máa ń yí ihò kọ̀ọ̀kan díẹ̀ ju èyí tó ṣáájú rẹ̀. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kọlu ojú wúrà náà, ihò kan á dá a dúró díẹ̀, èkejì á dá a dúró díẹ̀ sí i, nígbà tó bá fi máa jáde, ó ti yà síbi tí mo ní kó yà sí. Mo lè ní kó ká bí òrùka. Mo lè ní kó pàdé sójú kan bí ṣóńṣó abẹ́rẹ́. Bàbá, bí ẹ̀yin ṣe ń fi iná tẹ irin nígbà tẹ́ ẹ ṣì ń jó géètì, irin lèmi fi ń tẹ iná.

Ìmọ́lẹ̀ tí à ń lò kì í ṣe èyí tí ojú ń rí. Lọ́jọ́ iwájú, àwọn dókítà máa fi wo inú ọ̀nà ọ̀fun èèyàn láìfi abẹ kàn án. Ìyá àgbà kan wà níbí tí mò ń pè ní Ìyá Kọ́kọ́rọ́, torí gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé iṣẹ́ ló wà lọ́rùn wọn. Àwọn ló ń tan ẹ̀rọ náà láràárọ̀. Wọ́n fẹ́ràn mi. Ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin, àwọn àlejò ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ wa, àwọn ló sì máa sọ bóyá yàrá wa á máa bá iṣẹ́ lọ. Ẹ bá mi fi àdúrà sí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọn ẹsẹ̀ Bàbá, kí n mọ ìwọ̀n bàtà tí mo máa rà.

Àbúrò yín,
Akọ̀wé


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kejì

Akọ̀wé mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ilé dúró, ṣọ́ọ̀bù dúró. Iná mànàmáná ń lọ, ó ń bọ̀, àwọn oníbàárà sì ń bínú bíi pé èmi ni mò ń pa á. Mò ń jó géètì ńlá kan lọ́wọ́ báyìí fún oníbàárà ẹlẹ́jọ́ kan. Ó ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sì tíì rí ibi tó wọ́.

Mo ka ìwé rẹ sí Bàbá létí. Inú wọn dùn sí ọ̀rọ̀ iná àti irin yẹn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi húkọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé ibi tó o ti ní ìmọ́lẹ̀ tí ojú kì í rí, wọ́n ní kí n dúró. Wọ́n ní kí n tún un kà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á. Wọ́n wá ní, "Iná tèmi, bó bá ta sójú èèyàn, ojú á ṣẹ́. Èyí tí kò tàn yìí, kí ló máa jẹ́ kí ojú ṣẹ́?" Wọn ò jẹun alẹ́ ọjọ́ náà dáadáa.

Ìwọ náà mọ̀ pé ọdún kẹsàn-án rèé tí ojú Bàbá ti lọ tán, tí mo gba ìbòjú ajórin lọ́wọ́ wọn. Dókítà ní kì í ṣe iná nìkan ló fà á, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ ìyẹn fún Bàbá? Torí náà, má ṣe fi èyí ṣe àwàdà. Kí lò ń fi bo ojú? Ṣé o máa ń fi bò ó nígbà gbogbo, àbí o máa ń ṣe bí o ṣe ń ṣe ní kékeré, tó o máa ń yọjú wo iná látàárín ìka ọwọ́?

Tí mo bá bi ọ́ ní ìbéèrè márùn-ún, ọ̀kan lo máa ń dáhùn. Dáhùn èyí. Ẹsẹ̀ Bàbá gùn tó rúlà kan géérégé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹta

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé. Bàbá, ẹ kú ìsinmi. Mo rí ìwé yín gbà. Awò dúdú kan wà tí a máa ń wọ̀, ó bo ojú dáadáa, kí ọkàn yín balẹ̀. Iṣẹ́ pọ̀ díẹ̀ nítorí àwọn àlejò tó ń bọ̀. Ẹ má bínú pé ìwé yìí kúrú. Mo ti rí bàtà náà, ó dára, aláwọ̀ ilẹ̀ ni.

Kò sí nǹkan kan o.

Àbúrò yín


Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹta

Akọ̀wé,

Ojú wo ni?

Má wulẹ̀ bi mí léèrè ohun tí mò ń sọ. Láti kékeré la ti ń pè ọ́ ní Akọ̀wé torí pé ìlà rẹ máa ń tọ́ bíi pé o fi okùn wọ̀n ọ́n. Nínú ìwé tó o kọ yìí, gbogbo ìlà ló ya bàrá wálẹ̀ ní apá òsì. Níbi ọ̀rọ̀ bàtà, o kọ ìlà kan lé orí èkejì, o ò sì mọ̀. O kọ "kò sí nǹkan kan" fẹ́ẹ́rẹ́ débi pé mo ní láti gbé bébà náà síta nínú oòrùn kí n tó lè kà á.

Mo pe fóònù rẹ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó dún, o ò gbé e.

Mo ka ìwé náà fún Bàbá bíi pé ó gùn. Mo fi tèmi kún un. Mo ní o kí gbogbo aládùúgbò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mi ò purọ́ fún wọn rí láti ìgbà tí ojú wọn ti lọ, torí ẹni tí kò ríran, èèyàn lè purọ́ fún un títí láé. Ìwọ lo sọ mí dà báyìí.

Jọ̀wọ́, bébà méjì ni kó o fi ránṣẹ́. Ọ̀kan tí mo lè kà síta, àti ọ̀kan tó jẹ́ tèmi nìkan. Kọ òótọ́ sí èyí tó jẹ́ tèmi. Ohun yòówù kó jẹ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹfà, oṣù kẹrin

Ẹ̀gbọ́n mi,

Èyí tó kúrú nínú méjèèjì lẹ máa kà sí Bàbá létí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fa èyí ya tẹ́ ẹ bá kà á tán.

Ojú òsì ni.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù tó kọjá ló ṣẹlẹ̀, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Èémí ti bo awò ojú mi, mi ò ríran dáadáa, mo bá tì í sókè síwájú orí. Skúrù kékeré kan bọ́ lọ́wọ́ mi, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un. Bí mo ṣe ń dìde ni mo gbọ́ tá nínú orí mi, bí ìgbà tí èèyàn fi ìka ta bébà. Kò dùn mí. Mi ò rí iná kankan. Mo kàn rí i pé aago ara ògiri ti sọnù. Ògiri wà níbẹ̀, aago kò sí. Mo yí orí, aago padà wá, kàlẹ́ńdà ló wá sọnù.

Láti ọjọ́ náà, tí mo bá na ọwọ́ síwájú tí mo di ojú ọ̀tún, mi ò rí orí ìka mi. Òkùnkùn kékeré kan ló bò ó, ibi tí mo bá wò ló sì ń bá mi lọ. Mo rí gbogbo ìpè yín. Ẹ̀rù bà mí pé ohùn mi máa tú mi fó.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù kì í ṣe ojú. Kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ kankan wà níbi tí mo dúró sí. Apá ọ̀tún ni mo gbẹ́ wúrà náà pé kó darí rẹ̀ sí, sínú àpótí dúdú kan tó ń gbé e mì. Nígbà tọ́wọ́ mi balẹ̀, mo gbé wúrà náà sábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá. Nínú ìlà ihò méje-méje, ọ̀kan wọ́. Ẹ̀rọ tí mo fi gbẹ́ ẹ ti ń yẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò mọ̀. Nítorí pé àṣìṣe náà ń wáyé léraléra lọ́nà kan náà, òun náà ti di àṣẹ fún ìmọ́lẹ̀. Ó ń já díẹ̀ lára rẹ̀ sókè sí apá òsì. Ìtànṣán kejì. Ẹnikẹ́ni kò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ.

Mo sọ fún ọ̀gá. Kò pariwo mọ́ mi, ó tiẹ̀ bu tíì fún mi. Ó ní kí n sinmi ojú, pé ó máa lọ. Ó wá mú ìwé kan wá pé kí n buwọ́ lù ú, pé èmi ni mo ṣí awò kúrò lójú. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ ìtànṣán kejì nínú rẹ̀. Mo ní ká gbẹ́ wúrà mìíràn. Ó ní kò sí àyè kí àwọn àlejò tó dé. Wọ́n máa ṣí ìdérí tábìlì kúrò bí mo ṣe ṣí i lọ́jọ́ náà, kí wọ́n lè rí i dáadáa, ibi tí mo dúró sí gan-an ni wọ́n sì máa dúró sí. Mo ní, "Ọ̀gá, ojú wọn ńkọ́?" Ó ní, "Oṣù kẹfà ni ìwé ìgbélùú rẹ máa parí. Èmi ni mo máa ń buwọ́ lù ú."

Mi ò tíì buwọ́ lu ìwé tó mú wá. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà. Tí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lé mi, ta ló máa ra oògùn Bàbá? Tí mi ò bá sọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni kí n ṣe?

Àbúrò yín


Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹrin

Akọ̀wé,

Òní ni ìwé rẹ dé. Ọjọ́ márùn-ún ti kọjá lórí ọjọ́ kejìlá. Mo ka kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀mejì bíi pé tí mo bá tún un kà, ó máa yàtọ̀.

O bi mí ní ohun tó o máa ṣe, o sì ti ṣe é báyìí, mi ò sì mọ èyí tó o ṣe. Ká ní mo wà níbẹ̀, mà á ní kó o sọ̀rọ̀. Mo sọ ọ́ nísinsìnyí tí kò wúlò mọ́. Fóònù rẹ kò dún rárá láti ọjọ́ náà. Tẹ́lẹ̀ ó ń dún, o kì í gbé e. Mi ò mọ̀ pé mo lè ṣàárò pé kó máa dún lásán.

Mo ka èyí tó kúrú sí Bàbá létí. Wọ́n wá bi mí pé, "Bébà mélòó ló wà nínú àpòòwé yẹn?" Mo ní ọ̀kan. Wọ́n ní ó dáa. Wọ́n ti gbọ́ ìró méjèèjì nígbà tí mò ń fà wọ́n yọ.

Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Iná lu géètì ẹlẹ́jọ́ já níbi méjì. Gbogbo ìgbà tí mo bá ti gbé ìbòjú sókè ni mò ń rí àwọn èèyàn tó yí tábìlì ká, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí wọ́n ń tẹ̀ síwájú kí wọ́n lè ríran dáadáa.

Kọ̀wé. Ìlà kan péré ti tó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ ọgbọ̀n, oṣù kẹrin

Akọ̀wé,

Kò sí ìwé. Bàbá ti gbé àga lọ sẹ́nu géètì, ibẹ̀ ni wọ́n ń jókòó láàárọ̀ títí onílẹ́tà á fi kọjá. Wọ́n mọ ìró kẹ̀kẹ́ rẹ̀ báyìí.

Lánàá, wọ́n pè mí wọlé, wọ́n ní, "Ojú rẹ̀ ni, àbí?" Wọ́n ní kí n lọ mú bébà kejì wá. Mi ò tíì fà á ya, dárí jì mí. Mo ka gbogbo rẹ̀, láti orí dé ìsàlẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi aago tó sọnù lára ògiri, wọ́n na ọwọ́, wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì jẹ́ kí n lọ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ṣé o wà láàyè?

Ẹ̀gbọ́n rẹ


Ọjọ́ kẹrin, oṣù karùn-ún

Ẹ̀gbọ́n mi, Bàbá mi,

Mo wà láàyè. Ẹ má bínú. Fóònù mi, ẹ̀wù òtútù mi, àti ìwé tí mo ń kọ nǹkan sí, gbogbo wọn ló wà nínú yàrá tí wọ́n tì pa lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Dókítà sì ní kí n má ka ìwé, kí n má sì kọ ọ́, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ fún yín. Mo buwọ́ lu ìwé ọ̀gá. Àárọ̀ ọjọ́ kejìlá gan-an ni. Ẹ̀rù bà mí, mo buwọ́ lù ú, mo sì sọ fún ara mi pé kò ní ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Àwọn àlejò jẹ́ méje. Ọ̀gá ń ṣàlàyé, wọ́n ti ṣí ìdérí kúrò, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ sì ti fi kọ́kọ́rọ́ sínú ẹ̀rọ. Obìnrin kúkúrú kan nínú wọn bá kúrò láàárín àwọn yòókù, ó wá sí apá òsì tábìlì, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó lè wo wúrà náà nítòsí. Ibi tí mo ti ń dìde lọ́jọ́sí ni. Mi ò pinnu nǹkan kan. Mo kàn gbọ́ ohùn mi ni: "Ẹ má yí kọ́kọ́rọ́ yẹn."

Gbogbo wọn wò mí. Ọ̀gá rẹ́rìn-ín, ó ní àyà mi ń já nítorí àlejò. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ wò mí títí. Wọ́n bá yọ kọ́kọ́rọ́, wọ́n lọ sídìí àpótí, wọ́n sì ń pín awò fún àwọn àlejò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo ní kí gbogbo èèyàn fẹ̀yìn kan ògiri ọ̀tún. Káàdì kan wà tó máa ń tan àwọ̀ ewé níbi tí ìmọ́lẹ̀ àìrí bá ti kàn án. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Mo gbé káàdì náà sókè láti ojú tábìlì, díẹ̀díẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Mo tún gbé e sókè. Kò sí. Ọ̀gá ní, "Ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Káàdì náà dé ìbámu àgbọ̀n mi, ó bá tàn. Kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ. Obìnrin kúkúrú yẹn gbé ọwọ́ pẹlẹbẹ láti ibi káàdì wá sójú ara rẹ̀. Ìyá Kọ́kọ́rọ́ pa ẹ̀rọ, wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Tó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló parí sí ni, ǹ bá ti kọ ìwé yìí tayọ̀tayọ̀. Ní ọ̀nà àbájáde, Ìyá Kọ́kọ́rọ́ fa apá mi. Wọ́n ní ó ti tó ọ̀sẹ̀ márùn-ún tí ọ̀rọ̀ kan-kan ti ń sọnù nínú ìwé tí wọ́n bá ń kà, ní ojú ọ̀tún. Wọ́n rò pé ọjọ́ orí ni. Láràárọ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí tábìlì yẹn láti wò ó bóyá wúrà náà wà ní ààyè rẹ̀, torí èmi fúnra mi ni mo sọ fún wọn pé kò sí ìmọ́lẹ̀ kankan ní apá ibẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé èmi ni mo gbẹ́ ẹ. Wọ́n ní, "Ṣé o mọ̀ nígbà tó ò ń gbẹ́ ẹ?" Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n mo tún sọ ìyókù. Ní ìparí oṣù kejì tí mo kọ́kọ́ dán an wò, mo rí àmì kékeré kan níbi tí kò yẹ kó wà. Mo rò pé eruku ni, mo nu gíláàsì, mi ò wo ibẹ̀ mọ́. Wọ́n yí padà, wọ́n lọ. Ẹ̀yìn ọjọ́ mẹ́ta ni mo tún rí wọn, lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn ojú. Wọ́n jókòó, wọ́n fi àyè ẹnì kan sílẹ̀ láàárín èmi àti àwọn.

Àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ ti ní kí ọ̀gá jókòó sílé títí wọ́n á fi wádìí. Wọ́n fún mi ní oṣù mẹ́ta lórí ìwé ìgbélùú, wọn ò sì ṣèlérí nǹkan kan lẹ́yìn ìyẹn. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ tó wà lẹ́yìn ojú mi máa gbẹ, ṣùgbọ́n òkùnkùn yẹn máa wà níbẹ̀. Ti Ìyá Kọ́kọ́rọ́ náà máa wà níbẹ̀.

Mi ò lè sùn. Kì í ṣe ojú ló ń dùn mí.

Akọ̀wé yín


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù karùn-ún

Akọ̀wé mi,

Bàbá ló ní kí n kọ èyí bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí n má fi nǹkan kan kún un.

"Ọmọ mi, lọ́dún tí mò ń jó géètì ilé ìwé, mo rí òjìji kan létí iná. Mi ò sọ fún ìyá yín. Ọdún méjì ni mo fi ń yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n lè rí ojú rẹ̀ tó bá ń bá mi sọ̀rọ̀. Ó rò pé mò ń yẹra fún òun. Ó kú láìmọ̀ pé ojú ni. Kì í ṣe pé mo láyà. Ẹ̀rù ló bà mí. Ìwọ sọ tìrẹ lẹ́yìn oṣù kan. Ó pẹ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó tèmi. Lọ bá obìnrin yẹn. Má lọ torí kí ọkàn rẹ lè fúyẹ́. Bi í léèrè ohun tí kò lè kà mọ́, kó o sì máa kà á fún un. Tó bá lé ọ, padà lọ lọ́jọ́ kejì."

Ọ̀rọ̀ Bàbá parí síbẹ̀. Tèmi ló kù.

Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́?" Mo ní kí ni. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́sàn-án nídìí iná yẹn. Ìgbà wo lo lọ yẹ ojú wò?" Mi ò lọ rí, Akọ̀wé. Mo máa ń kọjá níwájú ilé ìwòsàn náà, mo sì máa ń wo òdìkejì. Wọ́n ní kí n wọ bàtà.

Orí bẹ́ǹṣì ibẹ̀ ni mo ti ń kọ ìwé yìí. Bàbá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Wọ́n fún mi ní nọ́ńbà kẹrìnlá. Nọ́ńbà kọkànlá ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ògiri níwájú mi funfun, mò ń wò ó bóyá nǹkan kan ń sọnù lára rẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lára rẹ̀ tó lè sọnù. Ẹ̀rù ń bà mí gan-an. Wọ́n ń pe kejìlá.

Mo ti jáde. Dókítà ní ojú òsì dára. Ó ní àpá kékeré kan wà lẹ́yìn ti ọ̀tún, pé kò tíì dé ibi tí mo fi ń ríran, tí mo bá fi iná sílẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, tí mo sì pààrọ̀ gíláàsì ìbòjú mi, ó ṣeé ṣe kó má débẹ̀. Bàbá wà lórí ìdúró nínú yàrá náà látìgbà tí a ti wọlé. Wọ́n ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Bàbá bá fi ọwọ́ wá àga, wọ́n jókòó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ